Orí 7: Pípààrọ̀ Káàdì Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Láìpa Kọ̀ǹpútà

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí ẹ bá ka orí yìí tán, ẹ ó lè:

- ṣàlàyé ohun tí pípààrọ̀ láìpaná jẹ́, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára yíyọ wáyà lásán;
- tọ ipasẹ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìgbà tó wọ ihò títí di ìgbà tó gba orúkọ nínú Linux;
- sọ ìdí tí lílọ káàdì fi ṣòro fún ètò ìṣiṣẹ́ ju dídé rẹ̀ lọ;
- fi àṣẹ bíi `udevadm monitor` àti `ip monitor` wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara yín.

Linux ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ṣí i wò. A ó yà sọ́dọ̀ Windows níbi tí ìṣe tirẹ̀ bá yàtọ̀.

7.1 Kí ni pípààrọ̀ láìpaná?

Bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, a ó pa á, a ó tú u, a ó fi káàdì mìíràn sí i, a ó sì tún un tàn. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Sáfà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba orí rẹ̀ sanwó tàbí forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò ṣeé pa lọ́sàn-án gangan nítorí káàdì kan.

Pípààrọ̀ láìpaná ni kí a yọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kan, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nígbà tí iná ṣì wà lára ẹ̀rọ tí iṣẹ́ sì ń lọ. Ètò ìṣiṣẹ́ ni ètò tó dúró láàárín ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn nínú kọ̀ǹpútà àti àwọn ètò tí àwa òǹlò ń lò. Kernel ni àárín gbùngbùn ètò ìṣiṣẹ́, òun nìkan ló ń bá irin sọ̀rọ̀ tààrà. Dírẹ́bà ni apá tó gbọ́ èdè irú káàdì kan pàtó: bí kò bá sí i, káàdì á kàn wà nínú ihò bí ẹni tó dé ìlú tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí. Ẹni tó fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ kò tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Káàdì ṣì wà, orúkọ rẹ̀ wà, àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Kernel kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni ní ìkángun kejì, ẹ ó sì rí `NO-CARRIER` nígbà tí ẹ bá tẹ `ip link`. Bákan náà ni bí a bá yọ SFP, ìyẹn irin kékeré tí a ń ki wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, kúrò lára káàdì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí yìí jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: káàdì fúnra rẹ̀ ló ń lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí kernel mọ̀ nípa rẹ̀.

7.2 Ohun tí irin ń ṣe kí ètò tó dá sí i

Ètò ìṣiṣẹ́ kò lójú. Irin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé àlejò dé. Ẹ mú káàdì PCI Express kan dání, kí ẹ wo àwọn eyín wúrà tó tò sí etí rẹ̀. Lára wọn ni àwọn tó ń jẹ́ PRSNT1# àti PRSNT2# wà, iṣẹ́ wọn ni láti sọ pé káàdì wà nínú ihò. A ṣe wọ́n kúrú ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí a bá ń ti káàdì bọ ihò, iná àti ilẹ̀ iná á ti kàn kí àwọn kúkúrú yìí tó kàn. Nígbà tí a bá ń fà á yọ, àwọn kúkúrú ló kọ́kọ́ já. Ihò máa ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé káàdì ti wọlé tán, ó sì máa ń mọ̀ pé ó fẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò tó wà láàárín kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

USB náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn irin iná inú ẹnu rẹ̀ gùn ju àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, nítorí náà iná ló ń kọ́kọ́ dé. Ohun èlò á wá fi rẹ́sísítọ̀ 1.5 kΩ fa ọ̀kan nínú wáyà méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ sókè. Ìyẹn ni kíkan ilẹ̀kùn tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́.

Lórí sáfà tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, bọ́tìnnì kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, pẹ̀lú iná wẹ́wẹ́ méjì. Bí iná àwọ̀ ewé bá tàn gbọnin, ẹ má fọwọ́ kan káàdì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan: iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láti yí ọkàn padà. Bí ẹ bá tún un tẹ̀ láàárín àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá tún un tẹ̀, apá kernel Linux tó ń jẹ́ `pciehp` á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káàdì, á gé iná ihò yẹn nìkan, iná àwọ̀ ewé á sì kú. Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ tó lè kan káàdì.

Àyè náà ṣe pàtàkì. Gbogbo káàdì ló ń béèrè ilẹ̀ nínú àwòrán mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, níbi tí CPU á ti máa kọ̀wé sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí ni wọ́n ń pín ilẹ̀ yìí, bí wọ́n bá sì pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà, káàdì tó dé lọ́sàn-án kò ní rí ibi tẹ́ ẹní sí. Ìdí nìyí tí Linux fi ń gba àṣẹ `pci=hpmemsize=` nígbà ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ de ẹni tí kò tíì dé.

7.3 Láti ihò dé orúkọ

Kí kernel tó pe dírẹ́bà, ó ní láti mọ ẹni tó dé. Gbogbo káàdì PCI ló ní nọ́ńbà méjì tí a kọ sí i lára: ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ti irú rẹ̀. Nọ́ńbà Intel ni 8086. 10D3 ni káàdì tí wọ́n ń pè ní 82574L. Kernel á so nọ́ńbà wọ̀nyí pọ̀ di okùn ọ̀rọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: `pci:v00008086d000010D3`. Orúkọ okùn yìí ni modalias.

Kernel á kéde rẹ̀ síta. Udev ni ètò tó ń gbọ́ ìkéde bẹ́ẹ̀. Ó dé lọ́dún 2003. Ṣáájú rẹ̀, ńṣe ni kernel máa ń gbé ètò kékeré kan tó ń jẹ́ `/sbin/hotplug` dìde fún ìkéde kọ̀ọ̀kan, bí ìkéde bá sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó yẹ kó kẹ́yìn lè ṣíwájú. Udev ń tò wọ́n sórí ìlà. Tó bá ti rí modalias, á fi lé `kmod`, ìyẹn ohun tó ń gbé dírẹ́bà wọlé, lọ́wọ́, òun á wo fáìlì `modules.alias`, á rí i níbẹ̀ pé `e1000e` ni dírẹ́bà tó gbọ́ èdè káàdì yìí, á sì gbé e wọlé.

Dírẹ́bà á jí káàdì, á ka àdírẹ́ẹ̀sì MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà bíìtì 48 tí wọ́n fi dá a mọ̀ láti ilé iṣẹ́, á sì pe `register_netdev`. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, káàdì ti di ọmọ ilé. Kernel á fún un ní orúkọ bíi `eth0`, udev á yí i padà sí orúkọ tó lè dúró pẹ́, ètò bíi NetworkManager á wá wá àdírẹ́ẹ̀sì IP fún un.

*Àpẹẹrẹ: módẹ́ẹ̀mù tó ń para dà.* Ọ̀pọ̀ ẹni tó lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà kí fóònù ìgbàlódé (smartphone) tó gbòde ló mọ módẹ́ẹ̀mù USB tí a ń ki síímù bọ̀. Ẹ ki ọ̀kan nínú àwọn ti Huawei bọ kọ̀ǹpútà Linux, kí ẹ tẹ `lsusb` kíákíá. Ẹ ó rí `12d1:1446`. Módẹ́ẹ̀mù kọ́ nìyẹn o. Ohun tó ń pe ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ CD. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí Windows lè rí dírẹ́bà rẹ̀ nínú "CD" náà láìwá a lọ síbòmíràn. Lórí Linux, udev á pe ètò kan tó ń jẹ́ `usb_modeswitch`, òun á ránṣẹ́ sí i pé kó bọ́ aṣọ CD sílẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù á já ara rẹ̀ gbà kúrò lórí USB, á sì padà dé pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ kernel ti sin àlejò kan jáde, ó sì ti gba òmíràn wọlé, nínú ihò kan náà.

7.4 Ta ni `eth0`?

Láyé àtijọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni `eth0`, ẹnì kejì ni `eth1`. Bí káàdì méjì bá wà, ti òní lè yàtọ̀ sí ti àná. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó sàn pẹ̀lú fáìlì `70-persistent-net.rules`: wọ́n kọ àdírẹ́ẹ̀sì MAC káàdì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, orúkọ kò sì yí mọ́.

Oògùn yìí ló wá di àìsàn fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ káàdì. Káàdì àtijọ́ ti lọ pẹ̀lú MAC rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì ṣì pa `eth0` mọ́ dè é. Káàdì tuntun dé inú ihò kan náà, pẹ̀lú wáyà kan náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní `eth1`. Gbogbo ìlànà tó wà nínú sáfà, `eth0` ló ń pè. Iná ń tàn, wáyà dára, dírẹ́bà dára, sáfà kò sì fọhùn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, systemd ẹ̀dà 197 gba ọ̀nà mìíràn: ó fi ibi tí káàdì wà sọ ọ́ lórúkọ dípò ẹni tó jẹ́. Nínú `enp3s0`, `en` ni Ethernet, `p3` ni ọ̀nà PCI tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3, `s0` ni ihò rẹ̀. Ẹ yọ káàdì ihò yẹn, ẹ fi òmíràn sí i, `enp3s0` náà ni. Ó ń jọ bí a ṣe ń pe ẹni tó ń gbé yàrá kan: ayálégbé lè yí padà, nọ́ńbà ilẹ̀kùn kò yí. Ohun èlò USB tí kò ní ihò tirẹ̀ pàtó sábà máa ń gba `enx` tí a so MAC mọ́.

Ọ̀nà yìí kò wo gbogbo rẹ̀ sàn. Bí DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì IP, bá ń fi MAC dá sáfà mọ̀, tàbí bí suwíìṣì bá ní kí MAC kan ṣoṣo gba pọ́ọ̀tù náà, káàdì tuntun ṣì jẹ́ àjèjì lójú wọn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ tún ti àwọn yẹn ṣe kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

7.5 Lílọ

Nígbà tí káàdì dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá máa lọ, gbogbo ilé ló ti rọ̀ mọ́ ọn. Àdírẹ́ẹ̀sì IP wà lórí rẹ̀, ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì ń gbà jáde gba ara rẹ̀ kọjá, ètò bíi `tcpdump` ń tẹ́tí sí i, pákẹ́ẹ̀tì wà lórí ìlà tó ń dúró kó gbé òun. Bí kernel bá kàn nù ún kúrò láìbá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, ẹni tó bá nawọ́ sí i lẹ́yìn náà á nawọ́ sí òfìfo, gbogbo ẹ̀rọ á sì dákú.

Nítorí náà, iṣẹ́ `unregister_netdev` pọ̀ ju ti `register_netdev` lọ. Kernel á kọ́kọ́ kéde pé káàdì ń lọ sílẹ̀, ìkéde náà ni `NETDEV_GOING_DOWN`, lẹ́yìn náà `NETDEV_DOWN`. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́ á tú ara rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì á parẹ́, àkọsílẹ̀ àwọn aládùúgbò á parẹ́. `NETDEV_UNREGISTER` ló kẹ́yìn, ẹni tó bá ṣì di nǹkan mú gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ nígbà yẹn.

Kernel mọ iye ọwọ́ tó ṣì di káàdì mú. Òǹkà kan wà fún un, tí à ń pè ní òǹkà ìdìmú: ẹni tó bá di káàdì mú á fi ọ̀kan kún un, ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ á yọ ọ̀kan. Àyàfi tí kò bá sí ọwọ́ kankan tó dì í mú mọ́ ni káàdì tó lè lọ. Bí ẹ̀ka kan bá gbàgbé láti tú ọwọ́, ẹ ó rí gbólóhùn yìí nínú àkọsílẹ̀ kernel, á sì máa padà wá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá:

`unregister_netdevice: waiting for eth0 to become free. Usage count = 1`

Ẹ wo 1 yẹn dáadáa (kernel àtijọ́ nìyí; àwọn ti òde òní ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti 1, nítorí náà 2 ni wọ́n á kọ síbẹ̀). Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù, kernel ò sì ní fi káàdì sílẹ̀ títí ọwọ́ yẹn á fi tú. Ìdúró yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ka tó gbàgbé ló ṣẹ̀. Ohun tó kù fún alábòójútó lọ́pọ̀ ìgbà ni kó tún ẹ̀rọ tàn, ohun tí a tìtorí rẹ̀ sá kúrò ní ojú ìwé àkọ́kọ́.

Káàdì fúnra rẹ̀ náà di nǹkan mú. DMA ni ọ̀nà tí káàdì fi ń kọ pákẹ́ẹ̀tì sínú mẹ́mọ́rì láìgba ọwọ́ CPU. Dírẹ́bà gbọ́dọ̀ sọ fún káàdì pé kó dáwọ́ dúró kí ó tó dá mẹ́mọ́rì yẹn padà fún kernel. Bí ó bá ṣe é lódìkejì, káàdì á máa kọ̀wé sí ilẹ̀ tó ti di ti ẹlòmíràn. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í farahàn níbi tó ti ṣẹlẹ̀: ètò mìíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò ṣubú.

Ẹni tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló rò pé ìsopọ̀ rẹ̀ á já lójú ẹsẹ̀. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì IP ni ìsopọ̀ TCP so mọ́, kò so mọ́ káàdì. Bí káàdì tuntun bá gba IP kan náà, TCP á kàn tún àwọn pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù fi ránṣẹ́. Iye ìgbà tí Linux ń tún un gbìyànjú ni 15, èyí tó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sọ̀rètí nù. Ẹni tó bá yára lọ́wọ́ lè pààrọ̀ káàdì láàárín àkókò yẹn, kí òǹlò má mọ̀ ju pé nǹkan falẹ̀ díẹ̀ lọ.

Windows gbà á lọ́nà mìíràn. Kí ó tó yọ ohun èlò, ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà, ìbéèrè náà ni `IRP_MN_QUERY_REMOVE_DEVICE`, dírẹ́bà sì lè dáhùn pé rárá, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Dírẹ́bà PCI nínú Linux kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀: bí kernel bá ti pe `remove`, kò sí ibi tó ti lè kọ̀.

7.6 Yíyọ òjijì

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí gbà pé ẹni tó fẹ́ yọ káàdì kọ́kọ́ kéde. Yíyọ òjijì ni kí a fà á yọ láìsọ. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká ti ń so mọ́ ìdúró Thunderbolt tó ní pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú, ojoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó ń kánjú lọ sípàdé á gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mú, á sì máa lọ.

Bí dírẹ́bà bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ káàdì PCI Express tó ti lọ, kì í gbọ́ pé kò sẹ́ni nílé. Ohun tó máa ń rí ni ìdáhùn tí gbogbo bíìtì rẹ̀ jẹ́ 1: `0xFFFFFFFF`. Bí dírẹ́bà bá ń ka iye pákẹ́ẹ̀tì, ó lè fi 4,294,967,295 kún un lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó burú jù ni ti dírẹ́bà tó ń yí po, tó ń dúró kí bíìtì "mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́" di 0. Bíìtì yẹn kò ní di 0 láé. Dírẹ́bà tó gbọ́n máa ń ka iye ìgbà tó ti yí, ó sì máa ń fura sí `0xFFFFFFFF` níbikíbi tó bá ti rí i. Windows ní ìkéde pàtó fún èyí láti Windows 2000, ìyẹn `IRP_MN_SURPRISE_REMOVAL`.

7.7 Kí òǹlò má mọ̀ rárá: bonding

Bonding ni dídi káàdì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, bíi `bond0`. Orí `bond0` ni IP wà. Ní ìlànà `active-backup`, káàdì kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró; bí a bá kọ `miimon=100`, kernel á máa yẹ̀ wọ́n wò ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní `enp3s0` ló ń ṣiṣẹ́ tí a sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, a ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún `enp4s0`:

`ip link set bond0 type bond active_slave enp4s0`
`ip link set enp3s0 nomaster`

Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì, iná tó ń ṣẹ́jú, àti ọwọ́. Bí káàdì tuntun bá dé:

`ip link set enp3s0 down`
`ip link set enp3s0 master bond0`

Pańpẹ́ kan wà níbẹ̀. MAC káàdì àkọ́kọ́ tó wọ `bond0` ni `bond0` máa ń yá lò, kì í sì dá a padà nígbà tí káàdì náà bá lọ. Kernel máa ń kìlọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé MAC ẹni tó ń lọ ṣì wà lọ́wọ́ ìdìpọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ka àkọsílẹ̀ lákòókò ìkánjú?

7.8 Kókó orí yìí

Irin ló ń kéde dídé, nọ́ńbà inú káàdì ló ń yan dírẹ́bà, ibi tí káàdì wà ló ń fún un lórúkọ lóde òní. Káàdì kì í lọ tán títí gbogbo ọwọ́ tó dì í mú fi tú. Ìsopọ̀ TCP lè yè bí IP bá tètè padà. Nínú yíyọ òjijì, `0xFFFFFFFF` ni ohùn ẹni tí kò sí nílé.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí kernel ń ṣe nígbà tí wáyà já àti nígbà tí káàdì lọ?

2. Kí ló dé tí eyín PRSNT fi kúrú? Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní òun ló gùn jù?

3. Ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ mẹ́ta. Ẹ tẹ `udevadm monitor` nínú ọ̀kan, `ip monitor link` nínú èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ohun èlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì USB kan bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ kọ ìkéde tí ẹ rí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tí kò ní ohun èlò lè tẹ àwọn àṣẹ yìí nínú fèrèsé kẹta: `sudo ip link add dummy0 type dummy` àti `sudo ip link del dummy0`.

4. Lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín (kì í ṣe èyí tí ẹ gba SSH wọ̀), ẹ fi `lspci` wá nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ kọ 1 sínú fáìlì `remove` rẹ̀ lábẹ́ `/sys/bus/pci/devices/`, kí ẹ wo `ip link`. Lẹ́yìn náà ẹ kọ 1 sínú `/sys/bus/pci/rescan`. Ṣé orúkọ kan náà ló padà wá? Kí ló fà á?

5. Alábòójútó kan yọ `enp3s0`, káàdì àkọ́kọ́ inú `bond0`, kúrò nínú sáfà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò bàjẹ́, ó sì fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó so mọ́ suwíìṣì kan náà. Lọ́gán, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó tún ń padà. Ẹ ṣàlàyé ohun tí suwíìṣì ń rí, kí ẹ sì sọ ohun tó yẹ kó ti ṣe kó tó yọ káàdì náà.